Alágbàtọ́ Ọmọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àti baba tí ó bí i. Bí òbí bá rí i pé ọmọ òun ń ya olórí-kunkun, tàbí bí ó bá fẹ́ kí ọmọ náà kọ́ṣẹ́, kí ó sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé, yóò mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, tàbí ọ̀gá oníṣẹ́ kan tí ó fọkàn tán. Ẹni tí ó gba ọmọ náà ni à ń pè ní alágbàtọ́. Iṣẹ́ alágbàtọ́ kò rọrùn rárá. Bí ọmọ náà bá di ènìyàn rere, òbí rẹ̀ ni aráyé yóò kí. Bí ó bá bàjẹ́, alágbàtọ́ ni wọn yóò dá lẹ́bi. Bí ó bá na ọmọ, wọn a ní nítorí pé kì í ṣe òun ni ó bí i ni. Bí kò bá sì nà án, wọn a ní ó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bàjẹ́ ni. Síbẹ̀, àwọn baba wa kò tìtorí èyí fi àṣà náà sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ láìpẹ́ ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣe àṣeyọrí nínú ìdánwò yín, tí ẹ sì wọ yunifásítì, ẹ ó bá àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń kọ́ni. Ìwà akẹ́kọ̀ọ́, ìlera rẹ̀, ibùsùn rẹ̀, ìbànújẹ́ rẹ̀ àti ìdàgbàsókè rẹ̀ ni iṣẹ́ tiwọn. Lórí wọn ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Yunifásítì Kan ní Ìwó

Ìwó jẹ́ ìlú ńlá kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Olúwo ni à ń pe ọba ibẹ̀. Bí a bá ń ki ìlú náà, a kì í ṣaláì dárúkọ odò Ọbà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbàgbé ẹyẹ odídẹrẹ́ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn Onígbàgbọ́ pẹ̀lú sì ní ibùjókòó tiwọn. Lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilé-ẹ̀kọ́ kan sí nígbà kan rí, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Lórí ilẹ̀ náà, tí ó fẹ̀ tó 1,300 éékà, ni Yunifásítì Bowen wà lónìí. Ní 2001 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Ní 2002 ni ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Thomas Jefferson Bowen ni a fi sọ ọ́, ará Amẹ́ríkà tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850 láti wàásù, tí ó sì kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1858.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wọlé sí irú ibẹ̀. Ọkọ̀ ń dé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Àbújá àti láti ọ̀nà jíjìn mìíràn. Wọ́n ń sọ àpótí kalẹ̀, wọ́n ń sọ garawa, ibùsùn àti àpò gàrí kalẹ̀. Ìyá kan ń tún ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ láti ilé sọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Baba kan ń bọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ohun tí òun ìbá tún sọ. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ọkọ̀ a padà, ọmọ a sì dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ju ọmọ ọdún 16 tàbí 17 lọ. Àwọn mìíràn kò tíì sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí níbi tí ẹbí wọn kò sí. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ta ni yóò mọ̀? Bí ẹlòmíràn bá ń sunkún lóru, ta ni yóò gbọ́? Bí ẹ̀kẹta bá bá ẹgbẹ́ búburú rìn, ta ni yóò pè é padà? Ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó fa iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí Iṣẹ́ Yìí Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ìgbà láéláé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń kọ́ni ní ìwé àti ẹni tí ń ṣọ́ ìwà. Ní Oxford àti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé inú ọgbà kan náà, wọn a máa jẹun nínú gbọ̀ngàn kan náà, olùkọ́ a sì máa mọ ìgbà tí ọmọ jáde àti ìgbà tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, tí ẹ̀kọ́ sì jinlẹ̀ sí i, ọwọ́ olùkọ́ kò ká iṣẹ́ méjèèjì mọ́. Ní 1891, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi LeBaron Russell Briggs, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣe Díìnì, wọ́n sì fi ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Òkìkí Briggs kàn, kì í ṣe nítorí pé ó le, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ní sùúrù láti tẹ́tí sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀. Láti ìgbà náà ni irú ipò yìí ti ń tàn kálẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ni ó kọ́kọ́ mú àṣà yìí wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ilé ńláńlá bíi Mellanby àti Tedder. Àwọn obìnrin sì ní tiwọn, tí a fi orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth sọ nígbà tí ó bẹ ilẹ̀ wa wò ní 1956. Olùkọ́ kan ni a ń fi ṣe olórí ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn yunifásítì ìjọba ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó di 1999, ìjọba fún àwọn yunifásítì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ: Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, Igbinedion ní Òkadà àti Madonna ní Òkijà. Ti Ìwó tẹ̀ lé wọn ní ọdún méjì sí i. Ọ̀pọ̀ òbí tí ń rán ọmọ lọ sí irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan máa bá wọn ṣọ́ ọmọ wọn. Owó ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń san. Owó alágbàtọ́ pẹ̀lú ni.

Àwọn Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Náà

Olórí wọn ni Díìnì tí ń bójú tó ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí àgbà olùkọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Òun ni ọ̀gá àgbà yunifásítì ń pè bí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀, òun náà sì ni àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ bá bí omi bá dá tàbí bí iná bá kú. Ó wà láàárín méjì bí ahọ́n ti wà láàárín eyín. Bí ó bá gbè sẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ nígbà gbogbo, àwọn ọmọ kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Bí ó bá gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ nígbà gbogbo, àṣẹ kò ní lágbára mọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alábòójútó ilé ìgbé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pín yàrá, tí wọ́n ń parí ìjà àwọn tí ó jọ ń gbé yàrá, tí wọ́n sì ń rí i pé ilé wà ní mímọ́. Pọ́tà tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kò gba owó púpọ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju Díìnì lọ. Ó mọ ẹni tí kò jáde láti ọjọ́ méjì. Ó mọ ẹni tí ó ti ta fóònù rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná owó tí a kò mọ orísun rẹ̀, àti ẹni tí àwọn àlejò tí kò rẹ́rìn-ín ń bẹ̀ wò lóru. Pọ́tà tí ó bá gbọ́n yóò wí fún alábòójútó kí ọ̀ràn tó dàgbà, nítorí láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Olùdámọ̀ràn wà pẹ̀lú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń ṣe ipò kìíní láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ̀ pé dókítà ni yóò dà. Ó dé yunifásítì, ó bá ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn náà ti ń ṣe ipò kìíní láti ìlú wọn. Nígbà tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, ó kùnà nínú ẹ̀kọ́ méjì. Kò lè sọ fún baba rẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án, ó sì ń ṣọ́nà lóru. Kò lọ sí kíláàsì mọ́. Olùkọ́ tí ó bá wo ìwé orúkọ nìkan yóò pè é ní ọ̀lẹ. Olùdámọ̀ràn yóò bi í léèrè, yóò sì dákẹ́ títí tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá sọ níbẹ̀ di àṣírí, àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Bóyá ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó yẹ ọmọ náà. Bóyá ọ̀nà tí ó ń gbà kàwé ni kò dára. Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, tí dókítà yóò sì tọ́jú rẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ọ̀rọ̀ tí a sọ jáde ti fúyẹ́ ju èyí tí a dì sínú lọ.

Àwọn yòókù pọ̀: àlùfáà tàbí ààfáà ilé-ẹ̀kọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tí ń ṣètò eré ìdárayá àti ẹgbẹ́ òṣèré, àti àwọn tí ń la ọ̀nà iṣẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ jáde. Bí a bá kó iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀, a ó rí i pé ohun méjì ni alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ ṣe aláìní: ojú tí ń ṣọ́, àti etí tí ń gbọ́. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó bá sùn, ewu dé. Ìtàn ilẹ̀ wa ti fi èyí hàn.

Ojú Tí Ń Ṣọ́

Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyrates. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti pa ènìyàn. Ìwà ìgbéraga àti ẹ̀yà-mi-ẹ̀yà-rẹ ni wọ́n ní àwọn ń bá jà. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dìde ní àwọn yunifásítì wa tí wọ́n fi òru bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi àáké àti ìbọn jà. Wọ́n di ẹgbẹ́ òkùnkùn. Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ní oṣù kẹta 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n sì fà wọ́n lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ilé ẹjọ́ fi dá wọn sílẹ̀, nítorí a kò fi taratara ṣe ẹjọ́ náà. Nígbà tí ó di òru ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún náà, àwọn apànìyàn wọ ilé Awólọ́wọ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní kí ọ̀gá àgbà yunifásítì lọ rọ́kún nílé. Ọmọ márùn-ún kò tún padà sílé mọ́.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ìkìlọ̀ ti wá kí ibi tó dé. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ rí ejò lórí pápá kí ó wí pé, "Kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ." Ọwọ́ tí ó dẹ̀ fún ìkà le fún aláìṣẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí alábòójútó bá ń wo àpótí yín, tí ó ń béèrè ibi tí ẹ ń lọ lóru, tí ó sì ń fẹ́ mọ orúkọ àlejò yín, ẹ má ṣe rò pé ojú-míì-tó-o ni ó ń ṣe. Ẹ̀mí yín ni ó ń ṣọ́.

Etí Tí Ń Gbọ́

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Ní 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé Nnamdi Azikiwe ní Yunifásítì Ìbàdàn ń ráhùn nípa oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ó yẹ kí a lè parí rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀ràn náà dàgbà di ìwọ́de, a pe ọlọ́pàá, ìbọn sì dún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún náà, ọta ìbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kúnlé Adépéjù. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn ń jẹ́. Ìráhùn dà bí omi tí ń jò lábẹ́ ilé: ẹni tí kò bá gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ó ń kán tó-tó-tó, yóò gbọ́ ìró ògiri nígbà tí ó bá wó.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Yunifásítì Maiduguri. Ní 1983, ìjà ìgboro ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A ba dúkìá jẹ́, a sì dáná sun ilé. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹni tí a fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà ni igbákejì ọ̀gá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an sì wà lára àwọn tí ìjà náà ṣe ní jàǹbá. Lẹ́yìn ìwádìí, a lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò. Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù, títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní orílẹ̀-èdè wa. Ní 1986, àwọn adájọ́ àgbà náà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láre. Wọ́n ní ẹ̀sùn iná-sísun jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ilé ẹjọ́ nìkan lè dá; wọ́n sì ní a kò fún àwọn ọmọ náà ní àyè tí ó tọ́ láti wí tẹnu wọn, nítorí ẹni tí ọ̀ràn dùn kò lè jẹ́ adájọ́ ọ̀ràn náà.

Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ wí pé kí a máa sun ilé. Ohun tí wọ́n wí ni ohun tí àwọn baba wa ti wí tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní 1961, ilé ẹjọ́ kan dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Alabama ti lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan nítorí pé wọ́n jókòó láti jẹun níbi tí òfin ìgbà náà fi sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun. A kò sọ ẹ̀sùn wọn fún wọn, a kò sì gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn adájọ́ wí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ lé ọmọ bẹ́ẹ̀.

Láti inú irú ìdájọ́ wọ̀nyí ni ìlànà tí ó tọ́ ti jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀, a ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé, a ó sì fi fún un. A ó fún un ní ọjọ́ láti dáhùn. Yóò wá síwájú ìgbìmọ̀ tí kò ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà; yóò gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí wí, yóò sì lè mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀nà yóò wà fún un láti pe ẹjọ́. Ìwé tí a fi ń lé ọmọ kúrò ní yunifásítì kì í ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n ó lè yí gbogbo ayé ọmọ náà padà. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ ti gbọ́ tán kí ó tó gbé kálàmù.

Okùn Tí Kò Le Jù, Tí Kò sì Dẹ̀ Jù

Àríyànjiyàn kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn kan ń wí pé àwọn yunifásítì aládàáni le jù: wọ́n ń ka ìgbà tí ọmọ wọlé, wọ́n ń sọ irú aṣọ tí yóò wọ̀ àti ìgbà tí yóò lọ sí ilé ìjọsìn. Wọ́n ní ẹni tí ó ti pé ọdún 18, tí ó lè dìbò yan ààrẹ, kò yẹ ní ẹni tí a ó máa ṣe bí ọmọ ọwọ́. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé òbí ni ó fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́, àti pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Ọmọ ọdún 16 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò dà bí ọmọ ọdún 22 tí ó fẹ́ jáde. A kò sì lè fi okùn kan náà so wọ́n. Alágbàtọ́ tí ó gbọ́n a máa tú okùn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún kìíní, yóò máa béèrè, "Níbo ni o lọ?" Ní ọdún kejì, yóò máa béèrè, "Kí ni o rò kí o tó lọ?" Ní ọdún ìkẹyìn, yóò fi àwọn ọmọ tuntun sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, kí òun náà lè mọ bí ẹrù àgbà ti wúwo tó. Bákan náà ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀tá Díìnì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ibi tí a bá ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin ilé ìgbé wọn, wọn a mọ ìdí òfin náà, wọn a sì bá wa pa á mọ́.

Ohun Tí Ó Kù Sọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Odídẹrẹ́ tí a fi mọ Ìwó a máa sọ ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́ ọ bí ẹni pé ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá wọlé, odídẹrẹ́ lè máa kí i ní "Ẹ káàbọ̀", nítorí kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ka gbogbo òfin ilé-ẹ̀kọ́ lórí, tí ó ń pa á mọ́ níwájú alábòójútó, tí kò sì mọ ìdí tí ó fi dára. Lọ́jọ́ tí ó bá gba oyè, tí ó jáde kúrò ní ọgbà, kò sí pọ́tà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Òun nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ìwà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá dé yunifásítì, ẹ tètè mọ àwọn alágbàtọ́ yín. Ẹ mọ ọ̀nà ilé olùdámọ̀ràn kí ọjọ́ ìṣòro tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín sí ẹgbẹ́ tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ sá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá dákẹ́ jù, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì wí fún ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí a bá fi ẹ̀sùn kàn yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ dáhùn, ẹ sọ òtítọ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu yín. Bí ẹ bá ní ìráhùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó gbé igi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ alágbàtọ́ rere ni láti tọ́ ọmọ títí ọmọ náà yóò fi lè tọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ohun tí ó tọ́ nínú yàrá tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ wọn parí, tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sì yọrí.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀

alágbàtọ́: ẹni tí ń bá òbí tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀
gbè sẹ́yìn: ṣe ojúsàájú fún ẹnìkan tàbí fún ìhà kan
rọ́kún nílé: fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nípa àṣẹ ọ̀gá
ojú-míì-tó-o: títọpinpin ọ̀ràn ẹlòmíràn
pe ẹjọ́: gbé ìdájọ́ lọ síwájú ẹni tí ó ga ju ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a lọ

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí iṣẹ́ alágbàtọ́ láyé àtijọ́ ṣòro? Báwo ni iṣẹ́ Díìnì ti jọ ọ́?
2. Kí ni pọ́tà lè mọ̀ tí Díìnì kò ní mọ̀? Kí ni ó yẹ kí ó ṣe sí i?
3. Ìkìlọ̀ wo ni ó wá ní Ilé-Ifẹ̀ kí ibi ọjọ́ 10 oṣù keje 1999 tó ṣẹlẹ̀?
4. Kí ni ìdí tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fi dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Maiduguri láre ní 1986? Òwe wo nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ó bá ìdájọ́ náà mu?
5. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí ní ọ̀rọ̀ ara rẹ: "Alágbàtọ́ tí ó gbọ́n a máa tú okùn díẹ̀díẹ̀."
6. Kọ àròkọ kan tí kò dín ní ojú ewé méjì lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:
(a) Òfin ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́: ta ni ó yẹ kí ó ṣe é?
(b) Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì.
(d) Ojú tí ń ṣọ́ àti etí tí ń gbọ́: èwo ni ó ṣe pàtàkì jù?